Kí Ẹ Tó Sanwó Wo Erin ní Chiang Mai

Ní orílẹ̀-èdè Táíláǹdì, ẹni tó bá ní erin méjì àti ilẹ̀ tó lè gbà wọ́n lè kọ "ibi ìsádi erin" gàdàgbà sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò sì sí òfin kankan tó máa ní kó wá ṣàlàyé ohun tó fi ń ṣe ìsádi. Ẹ gba ojú ọ̀nà tó jáde láti ìlú Chiang Mai lọ sí àríwá, níhà àfonífojì Mae Taeng, ẹ ó rí i: pátákó lé pátákó, erin ń rẹ́rìn-ín lórí gbogbo wọn. Nínú ọgbà kan, erin ń jẹ koríko níbi tó bá wù ú, àlejò kì í sì í fọwọ́ kàn án. Nínú èkejì, erin ń bá àlejò wọ odò láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́, wọ́n á sì so ó mọ́lẹ̀ bí ọkọ̀ àlejò ìkẹyìn bá ti lọ tán. Orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́, owó tí wọ́n ń gbà sì lè má fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra.

Ìdí nìyí tí àbẹ̀wò sí irú ibẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ṣì wà nílé, tí fóònù wà lọ́wọ́ yín, tí ẹ kò tíì sanwó. Mo ní èrò kan tí mi ò ní fi pamọ́: níbi tí wọ́n bá ti gba àlejò láyè jù, níbẹ̀ ni erin ti ń jìyà jù. Ẹni tó fẹ́ gun erin, tó fẹ́ wẹ̀ fún un, tó fẹ́ kí ó fi ọwọ́jà gbá òun mọ́ra kí wọ́n lè ya fọ́tò, kò ní èrò ibi kankan lọ́kàn. Ó fẹ́ràn ẹranko náà ni. Ṣùgbọ́n kí erin tó lè gba gbogbo ìyẹn mọ́ra lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí, nǹkan kan ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí i, nǹkan náà kì í sì í hàn nínú fọ́tò.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọdẹ ló ń wá erin lọ sígbó, kì í sì í ṣe pé ó fẹ́ fà á wálé wá so mọ́ ìdí ògiri. A ò gbọ́ ọ rí pé ẹnì kan fi erin fa igi l'Ọ́yọ̀ọ́. Ní Táíláǹdì, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọba Siam, bí wọ́n ṣe ń pe ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, gun erin lọ sójú ogun. Nígbà tí ogun dáwọ́ dúró, iṣẹ́ gẹdú ló kù fún un. Igi tíìkì ni wọ́n ń gé jù, igi kan náà tí àwọn òyìnbó gbé wá gbìn sí Olókèméjì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, tí a sì ń fi ṣe òpó wáyà iná nílẹ̀ wa títí dòní. Lórí òkè àríwá Táíláǹdì àti ní Bọ́mà tó múlé tì í, ọkọ̀ kò lè dé ìdí igi náà. Erin ló ń wọ́ ọ sọ̀ kalẹ̀ wá sétí odò. Kódà nígbà ogun àgbáyé kejì, tí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà lọ jà ní Bọ́mà, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n wà lábẹ́ rẹ̀ ní erin tó ń gbé ìtì igi tí wọ́n fi ń ṣe afárá.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1988, òjò ńlá rọ̀ ní gúúsù Táíláǹdì. Àwọn òkè tí wọ́n ti gé igi orí wọn tán ya wálẹ̀, ẹrẹ̀ àti ìtì igi bo abúlé mọ́lẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn sì kú. Ní oṣù Kínní ọdún 1989, ìjọba fòfin de iṣẹ́ gẹdú nínú igbó àdáyébá jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Òfin tó dára ni fún igbó. Fún àwọn erin tí ń jẹun lẹ́nu iṣẹ́ igi àti àwọn tó ni wọ́n, iṣẹ́ bọ́ lójijì. Ẹ rántí pé erin kan lè jẹ koríko àti ewé tó wúwo tó 150 kílò lójúmọ́. Ta ni yóò máa rà á fún un? Àwọn kan kó erin wọn kọjá ibodè lọ síbi tí wọ́n ti ń gégi lábẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn mú tiwọn wọ Bangkok, wọ́n ń fà á kiri láàárín ọkọ̀ lóru, wọ́n so iná mọ́ ọn nírù kí mọ́tò má baà gbá a, wọ́n sì ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fi bọ́ ọ. Ọdún 2010 ni ìlú náà tó fi òfin líle lé erin alágbe kúrò ní títì. Ibi tí ọ̀pọ̀ wọn wá forí lé ni iṣẹ́ ìrìn-àjò afẹ́. Àwọn tó ju 3,000 lọ ló wà lọ́wọ́ èèyàn ní Táíláǹdì báyìí, àlejò ló sì ń bọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Òfin tó kan àwọn erin wọ̀nyí ti wà láti ọdún 1939. Òfin ẹran arẹrù ni: ẹṣin, màlúù, ẹfọ̀n, erin. Erin inú igbó ní òfin tirẹ̀ tó dáàbò bò ó, ẹni tó bá pa á yóò ṣẹ̀wọ̀n. Erin tí èèyàn ní, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yà kan náà ni wọ́n, ohun ìní ni. A lè tà á, a lè yá a lówó oṣù, a lè fi dúró fún gbèsè. Ẹni tó bá mọ èyí ni yóò mọ ìdí tí àwọn tó ń gba erin sílẹ̀ fi máa ń rà á ni: ó ṣọ̀wọ́n kí agbófinró gbà á lọ́wọ́ olówó rẹ̀ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo ti sọ pé nǹkan kan ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí erin kí ó tó gbà kí wọ́n gùn ún. Phajaan ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Màlúù àti ewúrẹ́ ti bá wa gbé fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, a ti yan èyí tó rọ̀ nínú wọn bí ọmọ títí ìwà wọn fi yí padà. Erin kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ erin tí wọ́n bí sínú ọgbà lónìí, ìwà igbó ṣì wà lára rẹ̀ bíi ti baba ńlá rẹ̀. Nítorí náà, bí ó bá ti tó bí ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin, wọ́n á já a gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, wọ́n á tì í mọ́ inú àhámọ́ onígi tí kò ti lè yí ara padà, wọ́n á di ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n á máa gún un, wọ́n á máa lù ú, wọn ò ní jẹ́ kó sùn, wọn ò sì ní fún un lóúnjẹ tó yó o. Ó lè gbà wọ́n ní ọjọ́ mélòó kan. Ọjọ́ tó bá ti jẹ́ kí èèyàn gun ọrùn òun láìjà ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo olùtọ́jú erin ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí a kó gbogbo wọn pọ̀. Nínú àwọn ẹ̀yà tí wọ́n mọ erin jù níbẹ̀, àwọn Karen ní àríwá àti àwọn Kuy ní Surin, a rí ẹni tó ń fi oúnjẹ àti sùúrù kọ́ ọmọ erin. Ṣùgbọ́n ọ̀nà líle náà ló gbilẹ̀.

Ohun tó wá kù lẹ́yìn ìyẹn ni takho, ìkọ́ irin tó ní ọwọ́ igi. Olùtọ́jú á máa fi ṣóńṣó rẹ̀ kan ẹ̀yìn etí tàbí àtàrí erin, níbi tí nǹkan ti ń tètè dùn ún. Kò nílò kó gún un lójoojúmọ́. Kí erin ṣáà ti rí ìkọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tó. Ìdí nìyẹn tí àlejò fi lè lo odindi ọjọ́ nínú ọgbà kan kó má rí kí ẹnikẹ́ni na erin, kó padà sílé kó máa sọ pé wọ́n ń tọ́jú wọn dáadáa. Erin tó ń ya àwòrán òdòdó sórí bébà, tí àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ fún, ọwọ́ olùtọ́jú wà létí rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn, òun ló ń fa etí náà sókè sódò kí ọwọ́jà lè mọ ibi tí yóò fa ìlà sí. Ti gígùn ńkọ́? Egungun ẹ̀yìn erin yọ ṣóńṣó sókè ni, kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Àga irin tàbí ti igi tí wọ́n dè mọ́ ọn, èèyàn méjì tó jókòó sínú rẹ̀, orí egungun yẹn ni gbogbo rẹ̀ ń sinmi lé láti àárọ̀ dalẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé etí ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò. Ní ọdún 2016, TripAdvisor, ìkànnì tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, kéde pé òun kò ní ta tíkẹ́ẹ̀tì gígun erin mọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ World Animal Protection gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí erin tó súnmọ́ 3,000 nínú ọgbà àlejò káàkiri Éṣíà. Mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ló wà nínú ipò tó burú. Àwọn olówó ọgbà gbọ́. Wọ́n tú àga kúrò lẹ́yìn erin, wọ́n ra korobá àti búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì kun pátákó wọn ní tuntun. Ibẹ̀ ni wíwẹ̀ fún erin ti di ọjà.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní fẹ́ kí n ba èyí jẹ́ fún wọn, nítorí ó dùn ún wò: omi, ẹrẹ̀, ẹ̀rín, àwọn ọmọdé. Ẹ ṣáà rò ó wò. Erin mọ ara rẹ̀ wẹ̀. Ó ń wọ omi nígbà tí ooru bá mú un, bó bá jáde, ó máa ń da iyẹ̀pẹ̀ sára nítorí oòrùn àti kòkòrò. Nínú ọgbà wíwẹ̀, aago àlejò ló ń tẹ̀ lé. Bí ọ̀wọ́ àárọ̀ bá lọ, ti ọ̀sán á dé, omi náà ni yóò tún wọ̀, òtútù ìbáà mú, ìbáà má wù ú. Iyẹ̀pẹ̀ tó dà sára, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì bó o kúrò. Kí ó tó lè dúró jẹ́ẹ́ láàárín ogún àlejò tó ń pariwo, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ erin tí wọ́n ti tẹ̀ lórí ba, ìkọ́ tàbí ìṣó kékeré kan sì máa ń wà ní àtẹ́lẹwọ́ olùtọ́jú. Ewu rẹ̀ kò sì mọ sára erin. Ní oṣù Kínní ọdún 2025, erin kan pa ọ̀dọ́bìnrin ará Sípéènì kan tó ń bá a wẹ̀ ní gúúsù Táíláǹdì. Ẹranko tó wúwo tó tọ́ọ̀nù mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni. Kò pọn dandan kó bínú kó tó pa èèyàn, kó kàn yí ara padà lójijì ti tó.

Báwo wá ni ẹ ó ṣe mọ ọgbà tó yẹ? Ẹ wo fọ́tò tí wọ́n fi ń polówó. Bí èèyàn bá wà nínú gbogbo rẹ̀, tí ọwọ́ gbogbo wọn wà lára erin, ẹ ti rí ohun tí wọ́n ń tà. Ẹ kọ̀wé sí wọn, ẹ béèrè bóyá àlejò lè bá erin wẹ̀. Bí wọ́n bá yára dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, ẹ wá ibòmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n pé níbo ni àwọn erin ń sùn. Ìbéèrè yìí ló máa ń dá wọn dúró jù, nítorí ọ̀sán ni àlejò ń wá, òru ni ṣéènì ń jáde. Ọgbà tó dára á sọ bí ibi tí wọ́n ń sùn ṣe fẹ̀ tó, bóyá wọ́n wà pọ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn, bóyá wọ́n tú wọn sínú igbó. Ṣéènì nìkan kọ́ ni ẹ̀rí ìwà ìkà o. Akọ erin tó bá wà ní àkókò tí ara rẹ̀ ń gbóná fún abo, tí omi bí epo ń ṣàn ní ẹ̀bátí rẹ̀, lè ya wèrè fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sí olùtọ́jú tó máa jẹ́ kó rìn láàárín àlejò. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe sí i nígbà yẹn. Èsì tó ní àlàyé nínú dára ju èsì tó dùn létí lọ.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í kíyè sí: ọmọ erin. Abo erin ń lóyún fún oṣù méjìlélógún tàbí kó dín díẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń bí. Ọgbà tó bá ń fi ọmọ tuntun polówó ní gbogbo ìgbà, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń rí i, àti ibi tí èyí tó ti dàgbà lọ. Ọmọ erin ń fa àlejò mọ́ra ju ohunkóhun lọ. Ṣùgbọ́n erin lè lo ọgọ́ta ọdún láyé, igbó tí wọ́n lè tú u sí kò sì pọ̀. Ibi ìsádi gidi kì í bí erin tà.

Ní Mae Taeng, ọgbà tí orúkọ rẹ̀ lọ jìnnà jù ni Elephant Nature Park. Saengduean Chailert, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Lek, ló dá a sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Abúlé orí òkè ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ àgbà jẹ́ oníṣègùn ìbílẹ̀, erin kan ni wọ́n sì fi san oore fún bàbá náà nígbà tó wo aláìsàn kan sàn. Ìdí erin yẹn ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti kọ́ láti fẹ́ràn wọn. Ó ju ọgọ́rùn-ún erin lọ tó ti kó jọ síbẹ̀. Arúgbó ló pọ̀ nínú wọn, àwọn kan fọ́jú, àwọn kan ń tiro nítorí bọ́ǹbù abẹ́lẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní ẹ̀bá ibodè Bọ́mà. Ọgbà yìí náà ti gba àlejò láyè láti wẹ̀ fún erin rí, kó tó pinnu pé ó tó gẹ́ẹ́.

Bí ọjọ́ náà ṣe ń lọ nìyí. Ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀, bọ́ọ̀sì kékeré á wá gbé yín ní òtẹ́ẹ̀lì. Ìrìn bí ọgọ́ta kìlómítà ni, ó ju wákàtí kan lọ. Nínú ọkọ̀, wọ́n á fi fíìmù kan hàn yín lórí phajaan àti iṣẹ́ gẹdú. Kò rọrùn láti wò lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, àwọn òbí tó kó ọmọ kékeré dání sì ní láti mọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣáájú. Bí ẹ bá dé, olùfinimọ̀nà á sọ òfin ibẹ̀ fún yín: ẹ má sáré, ẹ má dúró lẹ́yìn erin, ẹ má bọ́ sáàárín abo àti ọmọ, ẹ má tan iná fọ́tò sí i lójú.

Kí ẹ tó jìnnà, ẹ ní kí wọ́n mú yín dé ilé ìdáná. Fún mi, ibẹ̀ ni a ti ń mọ ọgbà. Erin ní ọ̀wọ́ èrìgì mẹ́fà tó ń tẹ̀ léra wọn láyé, bí ọ̀kan bá ti jẹ tán, òmíràn á tì í jáde. Bí ẹ̀kẹfà bá ti lọ, kò sí òmíràn mọ́, ebi ló sì sábà máa ń pa arúgbó erin nínú igbó. Nítorí náà, fún àwọn àgbà tí kò léyín, àwọn tó wà ní ilé ìdáná ń fọ elégédé, wọ́n ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ń pò wọ́n pọ̀ mọ́ ìrẹsì, wọ́n sì ń ṣù ú ní ìṣù ìṣù. Erin kọ̀ọ̀kan ni agbọ̀n tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, pẹ̀lú ohun tó lè jẹ àti ohun tí inú rẹ̀ kò gbà. Ọgbà tí kò mọ èyí tí eyín rẹ̀ ti tán nínú erin tirẹ̀ kò tíì máa tọ́jú erin.

Lẹ́yìn náà ni ìrìn. Ẹ ó máa tẹ̀ lé olùfinimọ̀nà káàkiri pápá, ẹ ó sì máa takété sí erin. Ọwọ́ tó bá ń yára láti ya fọ́tò kì í jẹ́ kí ojú rí nǹkan. Ẹ wo ọwọ́jà rẹ̀ lẹ́nu: ìka kan ṣoṣo ló wà ní ṣóńṣó ti erin Éṣíà, tiwa nílẹ̀ Áfíríkà ní méjì. Ẹ wo bó ṣe ń gbá koríko mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí iyẹ̀pẹ̀ lè gbọ̀n kúrò kó tó fi sẹ́nu. Bó bá ń fẹ́ etí, tó ń da eruku sára, tó ń jẹun lọ láìwò yín, ara rẹ̀ balẹ̀. Bó bá ń mi orí síwá sẹ́yìn láìdúró, tó ń ju ara bákan náà fún ìgbà pípẹ́, ìyà àtijọ́ ni ẹ ń wò. Àwọn mìíràn kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n tilẹ̀ ti pẹ́ níbi ìsádi, nítorí náà ẹ béèrè ọdún tí wọ́n gba erin náà sílẹ̀ kí ẹ tó dá ọgbà lẹ́jọ́.

Jokia wà lára àwọn erin tí ìtàn wọn tàn kálẹ̀ jù. Gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ọgbà náà ṣe ń sọ ọ́, iṣẹ́ gẹdú abẹ́lẹ̀ ló wà, oyún sì wà nínú rẹ̀. Orí òkè ló bí i sí lẹ́nu iṣẹ́, wọn ò jẹ́ kó dúró, ọmọ náà yí lọ sísàlẹ̀, ó sì kú. Jokia kọ̀, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Wọ́n fi kànnàkànnà ta á lójú kan kó lè dìde. Nígbà tó yá, ojú kejì náà fọ́. Nígbà tó dé ọgbà, erin àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Mae Perm wá bá a, ó fi ọwọ́jà tọ́ ọ wò láti orí dé ìrù, láti ọjọ́ náà ló sì ti di ojú rẹ̀. Ibi tí Jokia bá fẹ́ lọ, Mae Perm á ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi rìn bẹ́ẹ̀ kí Mae Perm tó kú ní 2016. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn. Abo erin kì í dá gbé, ẹgbẹ́ tí àgbà obìnrin ń ṣáájú ni wọ́n fi ń rìn nínú igbó, bí ẹgbẹ́ náà bá sì ti fọ́, wọ́n á wá òmíràn dá sílẹ̀ bí a bá fún wọn láyè. Ohun tí àlejò ń sanwó láti rí nìyẹn. Ẹ lè dúró fún wákàtí kan kí ẹ má rí ju erin méjì tó fara ti ara wọn lọ.

Oúnjẹ ọ̀sán wà, ó sì pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè jẹun láìsí ẹran kó tètè bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: ewébẹ̀ àti ẹ̀wà ni gbogbo rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, bọ́ọ̀sì á gbé yín padà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí 2,500 baht (owó ilẹ̀ Táíláǹdì) ni owó ọjọ́ kan, àwọn tó bá sì fẹ́ dúró ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan ń san bí 12,000. Àwọn yẹn ń kó ìgbẹ́ erin, wọ́n ń gé pòròpórò àgbàdo, wọ́n ń já elégédé kúrò nínú ọkọ̀. Mo ti gbọ́ tí ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín pé báwo ni èèyàn ṣe máa sanwó kó ìgbẹ́. Ẹ̀rín ọ̀hún tọ́, àmọ́ iṣẹ́ náà wúlò ju fọ́tò lọ.

Owó tí ẹ bá san, oúnjẹ ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù lọ, lẹ́yìn náà owó oṣù àti oògùn. Láti ra erin kan sílẹ̀ lè gba ju mílíọ̀nù kan baht lọ. Àwọn kan ń ṣàríwísí pé olówó erin tó bá ta arúgbó lè fi owó náà ra ọ̀dọ́ mìíràn. Àríwísí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi yan ọ̀nà mìíràn: wọ́n fi erin sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, wọ́n sì kọ́ ọ láti yí òwò rẹ̀ padà. Nítòsí Chiang Mai, ọgbà kan tí wọ́n ti ń gun erin, tí wọ́n sì ti ń bá a wẹ̀ tẹ́lẹ̀, di ChangChill pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ World Animal Protection. Lórí pèpéle ni àlejò ti ń wo erin níbẹ̀, tí erin bá sì wọ igbó lọ, wọ́n á dúró dè é. Kò pẹ́ tí wọ́n yí i padà ni àrùn Kòrónà dé. Ní 2020, tí bàálù kò gbé àlejò wá mọ́, ó lé ní ọgọ́rùn-ún erin tí àwọn tó ni wọ́n fi ẹsẹ̀ dà padà sí abúlé wọn ní Mae Chaem, nítorí kò sí owó oúnjẹ. Ìsádi tó gbára lé àlejò ní àléébù yẹn nínú, kò sì sí ẹni tó tíì rí oògùn rẹ̀. Omi náà tún ń halẹ̀: ní oṣù Kẹwàá 2024, odò kún bo Elephant Nature Park, erin méjì kú.

Àwọn kan wà tí wọn kò fẹ́ àlejò rárá. Ní Hohenwald ní Tennessee, l'Amẹ́ríkà, ibi ìsádi kan ti wà láti 1995 fún àwọn erin tó ti ṣiṣẹ́ sákọ́ọ̀sì, ẹnikẹ́ni kò sì lè wọ ibi tí wọ́n ń gbé. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń wò wọ́n láti inú kámẹ́rà. Ní Nairobi, níbi tí Sheldrick Wildlife Trust ti ń tọ́ ọmọ erin tí ìyá rẹ̀ ti kú, wákàtí kan péré lóòjọ́ ni àlejò ní, aago mọ́kànlá sí méjìlá. Àwọn olùtọ́jú ibẹ̀ ń sùn ti àwọn ọmọ náà lóru, wọ́n sì ń gba ara wọn, kí ọmọ erin má baà so ọkàn rẹ̀ mọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Igbó ni wọ́n ń padà sí bí wọ́n bá dàgbà. Nílé wa, erin ṣì wà nínú igbó Ọ̀mọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ lè rí ojú ẹsẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀, kó má rí òun gan-an, kò sì sí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ẹni tó bá ń lọ sí Chiang Mai, oṣù Kọkànlá sí oṣù Kínní ló tura jù. Láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹrin, iná tí wọ́n ń fi sun oko máa ń sọ afẹ́fẹ́ di èéfín, ẹni tó ní ikọ́ efée kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Ẹ wọ bàtà tó lè fara da ẹrẹ̀. Bí ẹ bá ti dé ibẹ̀, ẹ kí olùtọ́jú erin kí ẹ tó kí erin. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ àtìpó láti Bọ́mà, owó oṣù wọn kéré, àlejò a sì máa wò kọjá wọn bí ẹni pé wọn kò sí níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ, ẹ bi wọ́n pé ọdún mélòó ni àwọn àti erin náà ti jọ wà. Èyí tó ti pẹ́ pẹ̀lú erin kan ṣoṣo sàn fún erin náà ju kí wọ́n máa pààrọ̀ ọwọ́ lọ.

Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ẹ ti sanwó, ẹ dé ibẹ̀, ẹ sì rí ìkọ́ tàbí erin tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ tí kò lè gbẹ́sẹ̀ méjì, ẹ má bá olùtọ́jú jà níwájú erin, òun kọ́ ló ni ọgbà, erin ló sì lè jìyà rẹ̀ bí ẹ bá lọ tán. Ẹ lè dúró sétí odò nígbà tí àwọn yòókù bá wọ inú rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ohun tí ẹ rí. Bí ẹ bá padà sí òtẹ́ẹ̀lì, ẹ kọ ọ́ sórí ibi tí ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, láìbúmọ́ ọn: ọjọ́ tí ẹ lọ, aago tí ẹ dé, iye erin tí ẹ rí lórí ṣéènì, iye ìgbà tí wọ́n kó wọn wọ omi. Ẹni tó ń wá ibi tí yóò lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ yóò kà á, ẹni tó ni ọgbà náà yóò kà á.